Ọ̀rá Ogbe Àkùkọ

Bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀, a máa ń ya àkùkọ sọ́tọ̀ kí ó má baà gun àwọn àgbébọ̀ títí ẹ̀yìn wọn á fi bó. Ọgbà Ruksandra, opó tó múlé gbè wá, ni Gavril ọkọ mi gbé tiwa sí. Àràárọ̀ ló ń gbé ìkòkò ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ mi lọ, pé òun fẹ́ fi pa ogbe rẹ̀ kí òtútù má jẹ ẹ́.

"Ogbe kan ṣoṣo ló jẹ odidi ìkòkò ọ̀rá tán?"

"Ìyá Ilinka, òtútù ọdún yìí le o."

Mo lọ wò ó fúnra mi. Ogbe àkùkọ ti dúdú, ó gbẹ bí èèpo igi. Ruksandra fẹ̀rín na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Ọwọ́ náà ń dán, òórùn ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ mi ló ń tibẹ̀ jáde.

Mo dá àkùkọ padà sáàárín àwọn ìyàwó rẹ̀. Gavril ni mo yà sọ́tọ̀.