Mo Kí Ọ Màríà Mẹ́wàá fún Orúnkún Kan

Ọkọ mi, Akínfẹ́mi, ló dá a lábàá. Olùkọ́ ni, kò sí ohun tí kì í fẹ́ ṣètò. Ọ̀gbẹ́ni Rùfáì, físíò tó ń kọ́ ọmọ wa Tiwalọlá ní ìrìn padà, ní kí a máa tẹ orúnkún rẹ̀, kí a dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ogún sẹ́kọ́ǹdì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́.

Akínfẹ́mi ní, "Ìyá Tiwa, bí a bá ka Mo Kí Ọ Màríà bó ṣe yẹ, ogún sẹ́kọ́ǹdì náà ni. Mẹ́wàá mẹ́wàá sì ni wọ́n so Rósárì. A ó máa fi gbàdúrà, a ó máa fi kà á."

Mo ní ó dáa.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Tiwa. Oṣù márùn-ún rèé tí ọkọ̀ gbá ọ̀kadà tó gbé e bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Itan rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n fi irin sí i. Egungun ti jinná, ṣùgbọ́n orúnkún gan. Dókítà ní bí kò bá tẹ̀ dé àádọ́rùn-ún dígírì lórí ìwọ̀n kí oṣù tó parí, wọn yóò dá a padà sí tíátà, wọn yóò fún un lóògùn oorun, wọn yóò fi tipátipá tẹ̀ ẹ́. Ó ní nígbà mìíràn egungun a máa tún ṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, mi ò sunkún. Nǹkan kan ò ṣe mí. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n ń sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é," èmi ń ṣe "Àmín," bí ìgbà tí mo bá ń lu òǹtẹ̀ sórí fáìlì ní sẹkitéríàtì. Àmín. Ó tán. Ẹni tó kàn dà?

Akínfẹ́mi ń kọ́ni n'Ìyèrè, kì í tètè dé, èmi ni mo jogún orúnkún. Tiwa á fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, á dijú. Èmi á ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó parí, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Ọmọ náà kì í ké. Akínfẹ́mi ní ìgbàgbọ́ ló fún un lágbára. Mo ní, "Àmín."

Ní Túsìdeè tó kọjá, àwa méjèèjì gbé e lọ. Ọ̀gbẹ́ni Rùfáì wọn orúnkún náà. Àádọ́rin. Iye tó wà lóṣù tó kọjá náà nìyẹn.

"Mọ́mì, ẹ ṣe é kí n rí bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé."

Mo mú orúnkún, mo kà á dé Àmín. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, kò fẹ́ fẹnu kan àdúrà oníàdúrà. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n títí.

"Sẹ́kọ́ǹdì méje ni, mà."

Akínfẹ́mi yíjú sí mi. "Méje? Báwo lo ṣe ń kà á?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ẹnu mi ń kà á, èmi fúnra mi ò sí níbẹ̀? Ojú tì mí. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe mí látoṣù márùn-ún nìyẹn.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù," Ọ̀gbẹ́ni Rùfáì wí. "Bí ẹ bá ń ṣe é pé, ó ṣì lè tẹ̀."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sílé, mo bi Tiwa pé ṣé ó mọ̀ pé mò ń sáré.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ó máa ń tètè tán, mà."

Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn ò sọ pé kì í dunni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ orúnkún, mo sì ń kà á bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní kékeré. Mo kí ọ, Màríà. O kún fún oore-ọ̀fẹ́. Ibi "Olúwa wà pẹ̀lú rẹ" ni Tiwa ti figbe ta. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Mọ́mì, ẹ sáré kà á! Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sáré kà á bíi tàná!"

Ó dùn mí. Ó dùn mí wọnú eegun. Mi ò jọ̀wọ́ orúnkún náà, mi ò sì sáré. Mo kà á, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí mo fi dé Àmín.

Ó ku mẹ́sàn-án.