Kọ́bọ̀ Mẹ́wàá Lójú Ewé

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì kí n tó lè kọ orúkọ ara mi. Kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí àwọn sístà ń ṣe ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ọ. Ìṣirò ló rọrùn fún mi jù, nítorí mo ti ń fi orí ṣe é tipẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1978, mo gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù Monínúọlá aránṣọ ní Fájuyì, ní Adó, mo gbé tábìlì kan sí i, mo ní mo fẹ́ máa bá àwọn ọlọ́jà kọ ìwé owó wọn, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, kí àwọn agbowó-orí má baà máa fojú bu iye lé wọn lórí.

Náírà mẹ́ta ni ìpín tèmi nínú owó tí onílé ń gbà lórí ṣọ́ọ̀bù lóṣù. Bí n kò bá rí i san, Ìgèdè ni mò ń padà sí, sí ilé ọkọ mi tó ti kú, láti máa yan gàrí fún àwọn ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ṣe é rí.

"Èló lẹ máa gbà?" Monínúọlá bi mí.

Mo ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá lójú ewé kan. Lójú ewé ni akọ̀wé lẹ́tà ń gbowó ní Ìgèdè nígbà èwe mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba náírà méjì lóṣù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n yín ni wọ́n ń san owó fún, kì í ṣe bébà."

Ojú tì mí láti pe náírà méjì. Ta ni mí?

Bàbá Adéyẹyè, tó ń ta pákó lọ́nà Ìyìn, ló kọ́kọ́ wá. Ó kó rìsíìtì rẹ̀ wá nínú agolo bisikíìtì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tò wọ́n, wọ́n sì gba ojú ewé mẹ́sàn-án. Bàbá ṣí ìwé náà, ó gbé e jìnnà sí ojú.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, kí lò ń fún àwọn lẹ́tà yìí jẹ? Ìlà mẹ́fà péré ló wà lójú ewé kan. Ọmọ mi tó wà ní ilé-ìwé mọ́dà á kọ gbogbo èyí sí ojú ewé méjì."

Àwọn tó ń dúró de mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kó lọ máa kọ ọ̀rọ̀ sí ara lọ́rì, á jèrè."

"Bí ọwọ́ mi ṣe mọ nìyẹn, bàbá."

Ogún kọ́bọ̀ ló san.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ kéékèèké. Ojú mi kò rí i dáadáa. Ní ìwé Olúyẹmí, tó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́, mo kọ náírà mọ́kànlá síbi tó yẹ kó jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Kò bínú. Ó kàn kó rìsíìtì rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, kò sì padà wá mọ́. Ó ku oníbàárà mẹ́ta, pẹ̀lú Bàbá Adéyẹyè.

"Ẹ jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojú ewé," Monínúọlá wí. "Ẹ pe náírà méjì lóṣù. Ẹ pè é kí n gbọ́."

Mo pè é fún un títí ó fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oṣù yí, Bàbá Adéyẹyè gbé agolo rẹ̀ dé. "Agbowó-orí wo ìwé yẹn, kò rí nǹkan sọ. Uṣẹ́ rẹ dára. Èló ni kí n máa san lóṣù?"

Mo la ẹnu. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Àádọ́ta kọ́bọ̀."

Kò ná an. Ó kàn kó owó náà lé orí tábìlì. Mi ò tíì rí ẹni tó ra nǹkan ní Adó láìná an rí. Ẹ̀rọ ìránṣọ Monínúọlá dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn méjì yòókù ti gbọ́, wọ́n sì mú àádọ́ta kọ́bọ̀ tiwọn wá.

"Ẹ sọ fún bàbá pé ẹ ṣì í pè," Monínúọlá wí.

"Mo ti gba owó."

Ní òpin oṣù, náírà kan àbọ̀ ni mo ní fún un. Ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní Fọlákẹ́ onídìrí ti ń béèrè ààyè náà. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Onílé ń dààmú èmi náà."

Mo parí ìwé bàbá àti ti àwọn méjì yòókù kí n tó kó ẹrù, nítorí wọ́n ti san owó wọn. Nígbà tí bàbá wá gba tirẹ̀, mo sọ fún un pé mò ń lọ, mo sì sọ ìdí rẹ̀.

"Èló ló yẹ kí o pè?"

"Náírà méjì."

Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Ǹ bá bú ọ," ó ní. "Ǹ bá bú ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ǹ bá san án."

Fọlákẹ́ ti ń gbé dígí rẹ̀ wọlé. Mo gbé tábìlì mi bọ́ síta, mo sì dúró de mọ́tò Ìgèdè.