Erin Ọjọ́ Jímọ̀

"Ta ló ń fún Àlejò lóúnjẹ?"

Màdámù Zipporah, ọ̀gá ọgbà erin, béèrè é lẹ́ẹ̀kan, ó tún un béèrè. Àwọn ọdẹ ọgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró níwájú rẹ̀ lábẹ́ igi mángòrò, ọ̀kan ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ họ ilẹ̀, ọ̀kan ń wo Òkè Àgbàjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Mùtàlíbù, akọ̀wé ọgbà, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ó ń retí orúkọ tí yóò kọ sílẹ̀.

"Ẹ ò kúkú ya odi." Màdámù gbé ọ̀rá funfun kan sókè, epo ti mu ún gbindin. "Ẹ̀gbẹ́ wáyà ni mo ti he èyí. Erin kì í lọ ra nǹkan díndín fúnra rẹ̀."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

Àlejò ni orúkọ tí àwọn ará abúlé sọ erin náà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ńlá gbé e dé. Ọgbà ẹranko kan tó ti kógbá sílé lókè ọya ni wọ́n ti lọ gbà á, níbi tó ti lo ogún ọdún nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí àwọn ọmọ olówó ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ ya fọ́tò. Àwọn ará abúlé yọ̀ǹda igbó ẹsẹ̀ òkè fún òun àti erin méjì mìíràn. Ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko ta wáyà yí igbó náà ká. Àwọn ọmọ abúlé ló ń ṣọ́ ọ. Àdéhùn wọn kò ju ojú ewé méjì lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gùn wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ fún wọn lóúnjẹ, nítorí erin tó bá ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn yóò máa wá èèyàn lọ ni. Òṣìṣẹ́ tó bá sì jẹ̀bi pé erin jáde, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn.

Jímọ̀ mẹ́ta léraléra ni Àlejò ti jáde. Ó ń fi àyà ti òpó wáyà lulẹ̀ lápá ibi tí ọ̀nà Lọ́kọ́ja gbà kọjá, á sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú títì, kò lé ẹnikẹ́ni. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó gba inú oko Ìyá Olúwaṣèyítán, ebè iṣu tó tẹ̀ kò ṣeé tún kọ. Bàbá Bámiṣayé ló ń ṣọ́ apá ibẹ̀.

"Bàbá," ni Màdámù wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, nítorí ọmọ Yàgbà tí wọ́n kọ́ ní ilé ni. "Tí a kò bá rí ẹni tó ń ṣe é títí di aago mẹ́rin òní tó tún jẹ́ Jímọ̀, ìwé ìyọníṣẹ́ yín ni mo máa fọwọ́ sí. Kì í ṣe pé ó wù mí."

"Mo gbọ́, Màdámù."

"Ẹ ò ní ohunkóhun láti sọ?"

"Mo ní mo gbọ́."

Bàbá Bámiṣayé ti lé lọ́gọ́ta. Láti ẹsẹ̀ òkè títí dé Lọ́kọ́ja, kò síbi tí wọ́n ti ń gba ẹni ọgọ́ta ọdún sí iṣẹ́ oṣù. Gbogbo wọn ló mọ èyí, títí kan òun fúnra rẹ̀, àmọ́ ó yí padà, ó sì lọ síbi wáyà rẹ̀.

Màdámù na ìwé kan sí Mùtàlíbù kó tó wọ ọkọ̀. "Ìpàdé ni mo ń lọ. Kọ ohun tó o bá rí sínú rẹ̀. Àyè orúkọ wà nísàlẹ̀."

Ká sòótọ́, inú Mùtàlíbù dùn díẹ̀. Ìṣirò ló kọ́ ní yunifásítì, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó ta kókó ju ìdáhùn rẹ̀ lọ. Ibi iṣẹ́ mẹ́rin ló ti kúrò láàárín ọdún mẹ́ta, nítorí pé bí ibi kan bá ti yé e tán, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hún un. Ó fa bébà àpò sìmẹ́ǹtì kan ya, ó to àwọn ọjọ́ náà sí i. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà, nítorí ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀. Kì í ṣe òjò. Kì í ṣe òṣùpá. Jímọ̀ ni, láàárín aago kan sí méjì, àkókò tí òun fúnra rẹ̀ máa ń wà ní mọ́ṣáláṣí.

"Ẹni yìí mọ ìrìn mi," ó sọ fún ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì tún dùn sí i.

Nígbà tó di aago méjìlá àbọ̀, ó gbé bẹ́ǹṣì kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, ó jókòó ti Bàbá Bámiṣayé.

"Akọ̀wé," ni bàbá náà wí, "Jímọ̀ ò pè ọ́ lónìí?"

"Olè ni mò ń ṣọ́, Bàbá."

"Lọ kírun. Èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an mọ̀ pé àkókò ti tó."

"Màá san án padà."

"Oòrùn ibí yìí ò dáa fún orí tó kàwé."

"Bàbá, ṣé ẹ ń lé mi ni?"

Bàbá Bámiṣayé fa korobá omi rẹ̀ mọ́ra. Ó bú omi mu, ó sì ń wo ọ̀nà.

Kò pẹ́ tí ewé fi mì. Àlejò yọ láti inú igbó, ó rìn tààrà wá síbi wáyà, ó dúró. Ó ń fẹ etí rẹ̀ bí ẹni ń fẹ abẹ̀bẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó ṣe díẹ̀, ìró ọ̀kadà dún láti apá Lọ́kọ́ja.

Obìnrin kan tó fi híjáàbù aláwọ̀ ewé borí sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé abọ́ ńlá tó ní ìdérí, ó gbé kúlà oúnjẹ dání. Ó kọ́kọ́ kí Bàbá Bámiṣayé, lẹ́yìn náà ló wá rí ẹni tó jókòó tì í.

"Mùtàlíbù. O ò lọ sí Jímọ̀?"

Mùtàlíbù wo kúlà náà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń dé láti mọ́ṣáláṣí bá kúlà oúnjẹ lórí tábìlì rẹ̀, ó sì gbà pé ọlọ́kadà ni ìyá òun ń fi rán.

"Màmá, kí ló wà nínú abọ́ yẹn?"

"Mósà ni. Jẹ́ kí n fún un tirẹ̀ ná, kó má baà tutù."

Ó ti na ọwọ́ kọjá wáyà kí Mùtàlíbù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Erin náà gba mósà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí arúgbó tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Mùtàlíbù di ọwọ́ kejì mú.

"Màmá, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ."

"Oúnjẹ ni wọ́n kọ. Sàárà ni mo gbé wá."

"Sàárà?"

"Àáfà ní kí n fún àlejò tí kò nílé, tí kò sì ní dúpẹ́. Mo wá a títí. Gbogbo ẹni tí mo fún ní mósà ní Lọ́kọ́ja ló ń ṣàdúrà lé mi lórí títí mósà fi ń tutù. Ni mo bá rántí eléyìí. Òní ló pé Jímọ̀ mẹ́jọ."

"Nítorí kí ni?"

Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni. "Kí ẹsẹ̀ rẹ lè balẹ̀. O tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Àbújá."

Mùtàlíbù yíjú sí Bàbá Bámiṣayé. "Bàbá, ẹ mọ̀."

"Gbogbo wa la mọ̀."

"Iṣẹ́ yín ń lọ, ẹ sì dákẹ́?"

"Ìwọ lo di bírò mú láàárọ̀," ni bàbá náà wí. "Ṣé kí n na ìka sí ìyá ọmọ lójú ọmọ? Mo kọ́kọ́ rò pé ìwọ lo gbà á láyè. Nígbà tí mo fi rí i pé o ò mọ̀, ó ti pẹ́ jù." Ó wo abọ́ náà. "Wọ́n sì máa ń fún èmi náà ní mẹ́ta mẹ́rin."

Àwọn méjèèjì ṣàlàyé bí erin ṣe ń wó òpó wáyà láti wá a lọ, ọ̀rọ̀ oko iṣu àti ìwé aago mẹ́rin fún ìyá náà, Àlhájà Nímátù. Kò já lu ọ̀rọ̀ wọn, èyí tí ọmọ rẹ̀ kò rí rí. Nígbà tí wọ́n parí, ó dé abọ́ rẹ̀ padà, ó sì kúnlẹ̀ fún Bàbá Bámiṣayé lórí ilẹ̀ pupa náà.

"Ẹ dìde, Àlhájà. Ẹ dìde."

Mùtàlíbù gbé ìwé lé orí bẹ́ǹṣì. Ó fa igi lé orúkọ Bámiṣayé tí ọ̀gá rẹ̀ ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ síbẹ̀. Àyè méjì ló wà nísàlẹ̀: ẹni tó fún erin lóúnjẹ, àti òṣìṣẹ́ tó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà.

"Kí lò ń kọ?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Orúkọ yín ni, Màmá."

Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ìwé náà títí. "Fi Àlhájà sí i."

Ó fi í sí i. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ sí àyè kejì, ó kọ orúkọ tirẹ̀ ní kíkún, ó sì gbéra láti lọ dúró de ọkọ̀ Màdámù lẹ́nu géètì.