Ìwé Tí Mo Kọ Nídìí Ẹ̀gúsí

Ẹnu ni mo fi ń kọ̀wé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Bí mi ò bá ka gbólóhùn kan síta kí etí mi gbọ́ ọ, n kì í mọ̀ bóyá ó dùn tàbí ó kan.

Nítorí náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa ń kọ̀wé. Bí a bá ti jáde nílé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ n'Ígbó-Ọrà, màá wọ yàrá, màá ti ilẹ̀kùn, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ rò pé orí mi ti yí. Ọkọ mi, Bàbá Abíọ́dún, ló ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe."

Lọ́dún 1971, láti ìgbà ọyẹ́ títí di òjò àkọ́rọ̀, mo kọ ìdajì ìtàn omidan kan tó ń jẹ́ Mùnírátù. Ọkùnrin méjì ló ń fẹ́ ẹ, Láwàl tó jẹ́ àgbẹ̀, àti tíṣà kan tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń tẹ̀wé n'Ìbàdàn ní ó dùn, pé bí ìyókù bá dé ọwọ́ àwọn kí oṣù Kẹsàn-án tó tán, àwọn á tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn débi pé mo jó yí iná ọbẹ̀ ká.

Àfi bí òjò ṣe dé. Ẹni tó bá ti gbé abẹ́ páànù rí mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀sán ni òjò ọdún yẹn yàn láàyò, àkókò tèmi gan-an. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, o lè pariwo "olè!" kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ má gbọ́. Mo fi tipátipá kọ orí kan láìgbọ́ ọ. Nígbà tí òjò dá tí mo kà á síta, ńṣe ni Láwàl ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ bí ẹni tó ń ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fà á ya. Mo bínú sí òjò, mo bínú sí páànù, mo tún bínú sí ọkọ mi tó kan páànù.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje, mo gbé oúnjẹ lọ fún ìyá ọkọ mi nínú ilé ìdáná wọn lẹ́yìnkùlé. Koríko ni wọ́n fi bo ibẹ̀, Màmá ò gbà fún páànù rárá. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan, síbẹ̀ mò ń gbọ́ Màmá ketekete bí wọ́n ṣe ń bá Sàrátù, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, wí pé fífọ́ ló ń fọ́ ẹ̀gúsí, kò bó o. Mo dúró sójú kan, abọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó, kí ló dé? Ṣé o rí ejò ni?"

"Rárá, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa wá kọ̀wé níbí?"

"Ìwé? Nídìí ẹ̀gúsí?" Wọ́n wò mí títí. "Ó dáa. Má ṣáà jókòó lé mi lẹ́gúsí."

Mo rò pé màá rọra máa kà á lábẹ́ ahọ́n. Irọ́ ni! Sàrátù béèrè pé ta ni Mùnírátù, ni wọ́n bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Rùkáyàt ará ilé kejì gbé igbá tirẹ̀ wá. Òun ló dá mi dúró níbi tí Láwàl ti ń sọ pé ìfẹ́ ń pa òun bí òùngbẹ.

"Ìyá Abíọ́dún, ẹ má bínú o. Ọkùnrin wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Iṣu ni ọkọ tèmi wá ń rà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ oko bàbá rẹ̀ kún fún iṣu."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè: mo pa òùngbẹ rẹ́, mo fi iṣu rọ́pò. Láti ọjọ́ náà, ìwé ń lọ, ẹ̀gúsí ń lọ, àwọn obìnrin sì ń pọ̀ sí i.

Nínú oṣù Kẹjọ, òjò sinmi bó ṣe máa ń ṣe. Orí tó kẹ́yìn ló kù, níbi tí Mùnírátù yóò ti mú ọ̀kan. Mo fi ayọ̀ padà sí yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Páànù dákẹ́, mò ń gbọ́ ohùn ara mi dáadáa, àmọ́ ohun tí mò ń kọ ò dùn, kò tiẹ̀ kan. Mo kọ, mo ya, mo kọ, mo ya. Ẹ̀rù wá bà mí. Mo rò pé ìtàn ti gbẹ nínú mi, pé ìwé ò ní dé Ìbàdàn mọ́.

Ibi tí mo ti káwọ́ lérí ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn gbàgà. Màmá ni, pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gúsí.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, Màmá. Òjò ló dá, mo lè gbọ́ ohùn ara mi nínú ilé báyìí."

"Ta ló bi ọ́ léèrè òjò? Látìgbà tí o ò ti wá mọ́, Sàrátù ní orí ń fọ́ òun, Rùkáyàt ní òun ń lọ sọ́jà Tápà. Èmi nìkan ló kù. Ẹnu rẹ ló ń bó ẹ̀gúsí mi, ìwọ ọmọ yìí!"

Rùkáyàt tó ní òun ń lọ sọ́jà Tápà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn, Sàrátù tí orí ń fọ́ náà sì tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ mi láìdúró kí n ní kí wọ́n jókòó. Màmá da ẹ̀gúsí sílẹ̀, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Láwàl oníṣu yẹn ni kó fẹ́ o."

"Ká má rí i!" ni Sàrátù wí. "Tíṣà oníkẹ̀kẹ́ ni!"

Ìjà bẹ́ sílẹ̀, gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ ń pariwo ju òjò orí páànù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbọ́ Mùnírátù nínú ariwo yẹn, ohùn rẹ̀ já gaara. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn. Èmi tí mo rò pé ohùn ara mi ni mò ń wá láti ọjọ́ yìí! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn, mo kọ gbólóhùn kan, mo kà á síta: "Mùnírátù kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní òun ti mọ ẹni tí òun ó fẹ́."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Ta ni?"

"Ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín, Màmá," mo wí, mo sì kọ gbólóhùn kejì.