Oúnjẹ Adìyẹ Nínú Àwo Eku

Eku funfun ni Fọláṣadé ń sìn ní yàrá ìwádìí kan ní Àkúrẹ́, kì í sì í ṣe fún jíjẹ o. Ó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ó yọ ilé ẹyin wọn, kí ara wọn lè dà bíi ti obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù mọ́. Láti ìgbà yẹn ni egungun máa ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa ṣẹ́ nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ewé kíkorò kan tó ń hù lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ ní Oǹdó lè dáàbò bo egungun. Ó fún àwọn eku kan ní ewé, kò fún àwọn yòókù.

Àwọn eku kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n gbọ́ òórùn ewé nínú oúnjẹ wọn, wọ́n sì kẹ̀yìn sí i. Fọláṣadé bá lọ ra oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin lọ́nà Ọ̀dà, nítorí òórùn ẹja inú rẹ̀. Ó pò ó mọ́ ewé, wọ́n sì jẹ ẹ́, wọ́n lá àwo. Àwọn tí kò jẹ ewé ń jẹ oúnjẹ eku wọn lọ ní tiwọn. Inú rẹ̀ dùn pé òun gbọ́n.

Nígbà tó yẹ egungun wọn wò, ti àwọn tó jẹ ewé le koko. Ó sáré pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà kò sì lè pa á mọ́ sínú. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ Áńgílíkà wọn fi ń se ewé mu. Màmá Agnes, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, tilẹ̀ pa oògùn egungun tí dókítà kọ fún un tì. Ó ní kí ni òun tún ń fi ti òyìnbó ṣe nígbà tí ọmọ àwọn ti rí tàwọn. Fọláṣadé gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé kó padà sídìí oògùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń fọ àwo eku, ó rí ohun funfun wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ omi. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìkarahun lílọ̀ ni. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ sínú oúnjẹ adìyẹ kí èèpo ẹyin lè nípọn, ohun kan náà ló sì ń mú egungun le. Ara rẹ̀ tutù. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ mọ́ bóyá ewé ló ṣiṣẹ́ tàbí ìkarahun. Gbogbo ìwé tó kà, kò rántí wo inú oúnjẹ adìyẹ!

Ọjọ́ kejì ló yẹ kó ròyìn iṣẹ́ náà níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Ṣé ó sọ òótọ́? Rárá, ewé náà ló tún ń yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀gá rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ìtìjú bá a délé, kò jẹ́ kó jẹun, síbẹ̀ kò pe Oǹdó. Ó ní tó bá di Sọ́ńdè, òun á lọ sọ ọ́ lójúkojú.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá jókòó sínú gbọ̀ngàn. Ìyá rẹ̀ ti gbé àga síwájú fún un, ó ń fi í yangàn. Ni Màmá Agnes bá wọlé, wọ́n ti fi POP funfun di apá òsì rẹ̀ tó ṣẹ́.

"Ọjọ́bọ̀ ni mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀," ni Màmá Agnes wí. "O ṣé o, ọmọ mi. Bí kì í bá ṣe ewé ẹ ni, ìbàdí mi ni ì bá ṣẹ́."

Fọláṣadé dìde. Ó ròyìn eku, ó ròyìn oúnjẹ adìyẹ àti ìkarahun. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ padà sídìí oògùn tí dókítà kọ fún yín. Mi ò mọ̀ bóyá ewé yẹn ń ṣe nǹkan kan."

Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀.

Màmá Agnes wò ó títí. Kò bínú, ìyẹn ló sì le jù. "Ìgbà wo lo mọ̀, ọmọ mi? Kí n tó ṣubú ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

Fọláṣadé fẹ́ sọ pé egungun kì í fúyẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, pé bí òun tilẹ̀ pè, apá náà lè ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí obìnrin náà bi í nìyẹn.

"Kẹ́ ẹ tó ṣubú ni, mà."

Màmá Agnes fi ọwọ́ tó kù fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó ní kí ìyá Fọláṣadé bá òun dìde. Ìyá rẹ̀ gbé e dìde, ó dì í mú, àwọn méjèèjì sì jọ jáde. Ìyá rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn.