Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbá Etí Odò

Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọkọ, kó wá gbogbo ìwà fún un, kó má ṣáà ti fẹ́ afínjú. Ìyàwó Afínjú ló sọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti rí nǹkan.

Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà. Odò tó ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló fi ń fọṣọ. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, Afínjú sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé kí ayùn tó dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò nílẹ̀.

Wàhálà dé nígbà tí ilé iṣẹ́ aláwọ, àwọn tó ń pa awọ ẹran láró lápá òkè odò, bẹ̀rẹ̀ sí í da omi aró wọn sínú odò láti ẹnu páìpù kan tó fara pamọ́ sábẹ́ koríko. Aṣọ funfun tí alágbàfọ̀ bá rì sómi, pípọ́n ló ń pọ́n jáde. Dókítà kan gbé ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ wá, èyí tó gbà padà jọ ti alápatà. Kò tún yà síbẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà tó kù náà ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí odò yìí ò bá mọ́, iṣẹ́ àgbàfọ̀ parí nìyẹn, obìnrin náà ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ó lọ sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó odò. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí kẹ̀? Odò pọ́n bí epo, ẹ ń bèèrè ẹ̀rí! Ó gbé ìbínú mì, ó kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ. Láràárọ̀, ẹni tó bá kàn á bu omi odò sínú ìgò, á so àkísà tí wọ́n kọ ọjọ́ sí mọ́ ọn lọ́rùn, á gbé e sójú fèrèsé alágbàfọ̀. Ìgò tò lọ rẹrẹ níbẹ̀: èyí pọ́n, èyí dúdú, òmíràn ní àwọ̀ tí kò lórúkọ. Wọ́n pààrà ọ́fíìsì náà títí ọ̀rọ̀ wọn fi sú akọ̀wé ibẹ̀. Níkẹyìn, ọ́fíìsì pè wọ́n lórí fóònù pé olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pé bí kò bá rí nǹkan kan, àwọn á ti ẹjọ́ náà pa.

Ọ́fíìsì náà pe ilé iṣẹ́ aláwọ pẹ̀lú, kí àwọn náà lè múra sílẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń mú olè nìyẹn? Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ fọkàn balẹ̀. Òkú ẹja kún etí odò, ìgò sì wà lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ tó ṣáájú Ẹtì, ó lọ wo àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá, ó sì sùn síbẹ̀.

Nígbà tó dé láàárọ̀ Ẹtì, etí odò ń dán. Wọ́n ti ro koríko, wọ́n ti gbálẹ̀. Odò náà mọ́ lóló, torí àwọn aláwọ ti dí páìpù wọn. Afínjú dúró láàárín gbogbo rẹ̀ nínú aṣọ ìjáde tó ti lọ̀, ó di ìgbálẹ̀ mú.

"Bàálé mi, kí lẹ ṣe yìí?"

"A ti ṣe é!" Inú ọkùnrin náà ń dùn. "Èmi àti gbogbo àdúgbò ni. Àlejò ìjọba ń bọ̀, ṣé inú ìdọ̀tí lo fẹ́ kó bá wa?"

"Ẹja dà?"

"A ti kó o kúrò. Ó ń rùn."

"Ó yẹ kó rùn! Òórùn yẹn gan-an ni ẹjọ́ wa!"

Obìnrin náà sáré lọ sídìí fèrèsé. Ìgò ń dán gbinrin, omi mímu ló kún inú wọn.

"Yanrìn ni mo fi fọ̀ wọ́n," ni Afínjú wí lẹ́yìn rẹ̀. "Omi kànga bíríkìlà tó wà nítòsí wa ni mo rọ sínú wọn, kí àlejò lè rí nǹkan mu."

"Àkísà ọrùn wọn ńkọ́?"

Ó ti fọ ìyẹn náà. Wọ́n wà lórí okùn, wọ́n funfun báláú, kò sí ọjọ́ kankan lára wọn mọ́. Wọ́n tiẹ̀ mọ́ ju aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fọ̀ lọ, ìyẹn náà tún dùn ún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Inú bí i débi pé ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Olùyẹ̀wò dé, ọmọbìnrin kan tó gbé àpótí ìgò kékeré kọ́ èjìká. Ó bu omi, ó kán oògùn sí i, ó wò ó dáadáa.

"Omi yìí dára, mà. Etí odò yín sì mọ́ gan-an."

Afínjú fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. "Ẹ ṣé o! Ẹ mumi, mà." Ó gbé ìgò kan lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀rí wa lẹ fẹ́ mu yẹn," ni alágbàfọ̀ wí, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Olùyẹ̀wò rọra gbé ìgò náà kalẹ̀. "Màámi, ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá fojú rí nìkan ni mo lè kọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti àpótí rẹ̀.

Nígbà náà ni alágbàfọ̀ rántí irú ẹni tí òun fẹ́. Ọkùnrin yìí ò ju nǹkan nù lásán rí.

"Bàálé mi, ibo lẹ kó ẹja yẹn sí?"

"Mo dì í sínú ọ̀rá, mo so ó le, mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo to pákó lé e, kí ajá má baà hú u."

"Ẹ lọ hú u."

"Nínú aṣọ tí mo wọ̀ yìí?"

"Nínú aṣọ yẹn náà."

Ó hú u. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rá náà, omi bọ́ lójú gbogbo wọn. Olùyẹ̀wò fi ọwọ́ kan bo imú, ó fi èkejì la ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja kan níbi tó fi ń mí. Aró pupa ti àwọn aláwọ ló dì síbẹ̀.

"Mi ò ní í ti ẹjọ́ yìí pa," ló wí, ó kó ẹja náà sínú àpótí. "Màá padà wá wo páìpù yẹn."

"Ọjọ́ wo, mà?" Afínjú ti bèèrè.

"Ẹ má sọ fún un!" ni alágbàfọ̀ pariwo. "Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni!"

Olùyẹ̀wò rẹ́rìn-ín, ó lọ. Afínjú wo iyẹ̀pẹ̀ tó dà sí àgbàlá, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ìgbálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti jókòó lé e.

Ariwo ọkọ̀ olùyẹ̀wò ò tíì rọlẹ̀ lórí afárá tí omi odò fi yí padà. Pupa wá láti òkè, tẹ́ẹ́rẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó gba gbogbo ojú odò. Afínjú wò ó. Ó mú ìgò kan, ó da omi mímu inú rẹ̀ nù, ó sì rìn wọnú ẹrẹ̀ tòun ti bàtà ìjáde rẹ̀, ó bù ú kún.

Ó gbé e wá fún ìyàwó rẹ̀ tìṣọ́ra-tìṣọ́ra. Ẹrẹ̀ ń kán lára ìgò náà. Ó fa etí aṣọ rẹ̀ láti nù ún.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni alágbàfọ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀."

Ó sì fi í sílẹ̀.