Kóròfo Ọta Nínú Ìbọn Dale

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, Marit jẹ ẹyin díndín, kò sì mọ̀ bóyá ó níyọ̀ tàbí kò níyọ̀. Bí nǹkan ṣe rí fún un nìyẹn láti oṣù kẹta, nígbà tí Dale ọkọ rẹ̀ lọ fa ahéré ìpẹja rẹ̀ kúrò lórí adágún tó ti di yìnyín, kí gbèdéke tí ìjọba fún àwọn apẹja tó pé. Yìnyín là lábẹ́ rẹ̀, òun àti ahéré jọ lọ ni. Gbogbo ará ìlú wọn lókè Michigan ló sunkún Dale, àfi ìyàwó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń gbé páì ẹlẹ́ran wá, tí wọ́n ń jí ojú rẹ̀ wò, ojú gbẹ. Àwọn kan ní akíkanjú ni, àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Ara rẹ̀ ló kú. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Marit ń ríran ní tirẹ̀, ẹkún ni kò wá.

Aili, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jókòó níwájú rẹ̀.

"Ṣé o sùn dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan."

Láràárọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, kò sì sí èyí tó ń wo ojú ẹnì kejì.

Aili ti pé ọmọ ọdún méjìlá, ọjọ́ orí tí Dale ti dá pé yóò bá òun dọdẹ àgbọ̀nrín. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ìjọba ṣí igbó fún ọdẹ. Ọmọ náà ní ìbọn bàbá òun lòun fẹ́, òun ò fẹ́ òmíràn. Reino, bàbá Dale, gbè é lẹ́yìn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàdọ́rin ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́, ẹnu rẹ̀ ni kò tíì darúgbó.

"Ìbọn bàbá lọmọ ń jogún," ni baba náà wí bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn wọlé, tó gbé àpò ìbọn Dale há abíyá. "Kí la tún fẹ́ lọ yàn ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn Perala?"

"Ẹ jẹ́ ká kàn lọ wò ó, Bàbá," Marit dáhùn.

Ìbọn ńlá ni ìbọn Dale, ó ń ta ni nípàá. Dale fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ìbọn ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe ẹran léṣe lásán, ẹran á sá lọ kú sínú àbàtà, ọmọ náà ò sì ní fẹ́ wọ igbó mọ́ láyé. Igbó yìí ló kù tí Aili àti bàbá rẹ̀ jọ ní. Marit ló máa fọwọ́ sí èyí tí wọ́n bá mú. Ó mọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò ilé kejì ló ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni Perala ti ń jẹ́ kí àwọn oníbàárà dán ìbọn wò, níbi tó kó erùpẹ̀ jọ gègèrè sí. Ó ti tẹ́ ìbọn kékeré kan sórí tábìlì kí wọ́n tó dé.

"Wọ kóòtù ẹ," ó wí fún Aili. "Àbí síńgílẹ́ẹ̀tì lo máa wọ̀ lọ bá àgbọ̀nrín nínú òtútù?"

Kóòtù ọdẹ olómi ọsàn ti Dale ni ọmọ náà gbé wọ̀. Perala ká apá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ìka tó yọ. Wọ́n bo etí wọn, Aili sì yin ìbọn bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ìgbà ló ń tì í sẹ́yìn.

"Ṣé ó dùn ẹ́?" Perala bi í.

"Kò dùn mí."

"Ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn," Reino wí.

Perala gba ìbọn náà, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó tún un kì, ó dá a padà. Aili fi ojú sun ún, ó fà á. Kò dún, àfi kẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn ti forí sọlẹ̀, ojú ọmọ ti dì pa, èjìká rẹ̀ ti gun òkè dé etí. Perala yọ kóròfo ọta tí kò ní ẹ̀tù jáde láti inú ìbọn, ó gbé e sórí tábìlì níwájú gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tí ìbọn ń bà lẹ́rù nìyẹn: ẹnu lè purọ́, èjìká ò mọ irọ́ pa.

"Gbogbo ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," Reino wí. "Á mọ́ ọn lára."

"Bàbá Reino, ta ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí? Ṣebí ẹ̀yin náà ni. Ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi, ẹ ní kí n lọ máa fi òkò lé ehoro."

"O ò mọ̀ ọ́n yìn ni. O ò tíì mọ̀ ọ́n yìn títí dòní."

"Mo gbà. Àmọ́ àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, Bàbá."

"Orí ta ló wọ́? Aili, ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

"Rárá, Bàbá àgbà. Kò dùn mí." Ètè rẹ̀ ti funfun.

Reino yíjú sí Marit. "Gbà á, ìyàwó. Fi han ọmọ ẹ."

Dale ti kọ́ Marit ní ìbọn yíyìn ní ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Marit gbé ìbọn sí èjìká ọ̀tún, ó yìn ín, erùpẹ̀ fò. Nǹkan kan gbá a níbi tó jìn. Perala gbà á, ó tún un kì, ó dá a padà. Marit fà á: kẹ́. Ẹnu ìbọn kò mì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọn ò tíì pè.

Reino pàtẹ́wọ́. "Ṣó o rí ìyá ẹ, Aili? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Mo rí i," Aili wí. Ó na ara rẹ̀ tọ́ọ́rọ́. "Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀."

Perala kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ki kóròfo fún ènìyàn. Èmi gan-an máa ń ta gìrì. Ẹ̀yin náà máa ń ta gìrì. Mi ò rí ẹni tí kì í mì rárá rí." Ó wo Marit. "Ìyá Aili, ṣé kò dùn yín ni?"

"Kò dùn mí."

Bó ṣe sọ ọ́ ló gbọ́ ohùn Aili nínú ohùn ara rẹ̀. Ó wo ọmọ náà: ó dúró gbọn-in, ó di eyín pọ̀, kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Marit mọ ojú yẹn. Òun ló ń rí nínú dígí láti oṣù kẹta. Èmi ni mo kọ́ ọ, ó wí nínú ara rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á, nǹkan àkọ́kọ́ tó mọ̀ lára láti oṣù méje.

Ó gbé ìbọn sílẹ̀. "Irọ́ ni mo pa," ó wí. "Ó dùn mí."

Ìyẹn gan-an ni irọ́, nítorí kò dùn ún rárá. Ó ń fọwọ́ ra èjìká síbẹ̀. "Ó dùn mí gan-an, Aili. Ìbọn yìí le jù."

Aili wò ó pẹ́.

"Èmi náà, Mọ́mì," ọmọ náà wí. "Ó ń dùn mí. Àtìgbà àkọ́kọ́." Ló bá bú sẹ́kún, gbogbo ẹkún ọ̀hún kì í sì í ṣe ti èjìká. "Àmọ́ ti Dádì ni."

"Ti Dádì ni. Á máa dúró dè ẹ́ nílé."

Reino gbé ìbọn ọmọ rẹ̀, ó ń fi apá aṣọ nù ún, ó ń nù ún. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ìbọn tèmi pamọ́ kí Dale tó lè yìn ín," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹkún tiẹ̀ ju báyìí lọ."

Aili yin ìbọn kékeré náà títí ojú rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí Perala ki kóròfo sí i, ẹnu ìbọn mì díẹ̀. Nígbà kejì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Marit fọwọ́ sí ìwé.

Nínú ọkọ̀, Aili jókòó sáàárín, ó gbé páálí ìbọn sí orí itan, ó ti ń bi bàbá àgbà léèrè ibi tí wọ́n máa lúgọ sí. Marit fa bẹ́líìtì kọjá èjìká ọ̀tún. Ìrora gba ibẹ̀ lọ sí ọrùn, ó jinlẹ̀, ó gbóná, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ dúró lágbede méjì.

"Kí ló dé, Mọ́mì?"

"Ó ń dùn mí," Marit wí. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Omi ti dà sí i lójú, kò sì lè dá a dúró mọ́.

Aili fi ìka méjì gbé bẹ́líìtì náà kúrò lójú ibi tó ń dùn ún, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi délé.